Sáré Lójú Kan

Iṣẹ́ tí àbúrò mi ọkùnrin ń ṣe ni pé ó ń rọ ọmọ ọlọ́mọ kí wọ́n jáde síta lọ ṣeré. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọ́n fún un ní ọ́fíìsì, wọ́n fún un ní tábìlì àti òǹtẹ̀, wọ́n tún fún un ní akọ̀wé kan tó máa ń bi èèyàn lẹ́nu ọ̀nà pé ṣé ọ̀gá mọ̀ pé ó ń bọ̀. Wọ́n lẹ bébà ńlá kan mọ́ ara ilẹ̀kùn ọ́fíìsì náà. Àwòrán ọmọ mẹ́ta tó ń fò sókè nínú oòrùn ló wà níbẹ̀, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: ÌTA LÓ DÁA, ỌMỌ MI, JÁDE. Ọ́fíìsì ọ̀hún kò ní fèrèsé kankan.

Ọ̀gá Eré ni àwọn ará àdúgbò ń pè é. Ó rò pé oyè ni.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọ̀gá Eré ní, ọmọbìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ẹyin, torí bí wọ́n ṣe ń gbé e kiri nìyẹn. Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé á já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò ní ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ tó fi máa wọlé, ìyá rẹ̀ á sì ti dúró dè é pẹ̀lú àkísà láti nu bàtà rẹ̀ kó tó gun àtẹ̀gùn. Lókè lọ́hùn-ún, náílọ̀nù tí wọ́n fi wé àga pálọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára rẹ̀, ọdún kẹfà rèé. Àwọ̀n wà lójú fèrèsé, kọ́tìnì wà lójú àwọ̀n. Ọdún mẹ́sàn-án lókè eèpẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà kò tíì kan eèpẹ̀ rí.

Mo mọ ohun tó fà á, mi ò sì ní fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ kan ti kú mọ́ wọn lọ́wọ́ kí Ẹyin tó dé. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sá fún ekòló kò yẹ kó máa gba owó oṣù lórí pé ó ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí wọ́n ṣe ń mú ejò.

Télọ̀ ni èmi. Ìsàlẹ̀ ilé àbúrò mi yìí ni mò ń gbé láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ tí gbogbo ilé ń gbà jáde. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà lẹ́nu ilẹ̀kùn gan-an, torí ibẹ̀ nìkan ni ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹni tó bá máa jáde nínú ilé yẹn, àfi kí n dìde kí n fa àga mi sẹ́yìn fún un. Ọjọ́ tí mo kó dé, àbúrò mi bá mi gbé ẹ̀rọ náà síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi ṣe. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí kọjá ẹ̀rọ yín."

Mo ní kò sí wàhálà. Ta ló ń gbé nínú ilé onílé tó máa ní òun kò gbọ́?

Tó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Ẹyin á sọ̀ kalẹ̀ wá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Irọ́ ni. Ìta ló ń wò. Òpópónà tóóró kan ló wà níwájú wa, ọkọ̀ kì í sábà gbà á, ilẹ̀ gbalasa kan sì wà ní òdìkejì rẹ̀, tí koríko mú apá kan, tí eèpẹ̀ pupa mú apá kejì. Ibẹ̀ ni gbogbo ọmọ àdúgbò máa ń wà. Ẹnikẹ́ni kò rọ̀ wọ́n, ẹnikẹ́ni kò lẹ bébà fún wọn. Wọ́n á yí táyà tó ti gbó, wọ́n á fo okùn, wọ́n á jà, wọ́n á parí ìjà, wọ́n á tún gbàgbé ohun tó dá ìjà sílẹ̀. Ọmọ fọ́kánáísà tó wà ní ìkòríta ni olórí wọn, ọmọbìnrin tín-ínrín kan tí wọ́n ń pè ní Ológbò, torí kò síbi tó ti máa já bọ́ tí kò ní fẹsẹ̀ balẹ̀. Táyà bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń yí kiri.

"Àǹtí Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà?"

"O ti wà lẹ́nu ọ̀nà."

"Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni mo wà. Iwájú ẹ̀rọ ni mò ń wí."

"Ṣé o fẹ́ kí bàbá ẹ lé mi jáde ni?"

"Tí wọ́n bá lé yín jáde, ẹ̀yin á wà níta nìyẹn."

Mo bú sẹ́rìn-ín, mo ní kó kọjú sí ìwé ẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọ̀nà ni ọmọ yẹn fi bẹ̀ mí lọ́dún yẹn, ọgọ́rùn-ún ọ̀nà ni mo sì fi sọ pé rárá. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà ní tèmi. Mò ń rán kọ́là.

Ohun tó kó bá ilẹ̀ gbalasa náà ni pé wọ́n béèrè iye. Alága tó jẹ́ ọ̀gá fún àbúrò mi, obìnrin kan tí kì í gba "bóyá" lẹ́nu ẹnikẹ́ni, pè é lọ́jọ́ kan, ó ní: láti ìgbà tí o ti ń rọ àwọn ọmọ kí wọ́n jáde, ọmọ mélòó ló ti jáde? Àbúrò mi kò mọ̀. Kò tiẹ̀ dé ìdí ọ̀rọ̀ náà rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, òun àti akọ̀wé rẹ̀ bọ́ sórí ilẹ̀ gbalasa náà pẹ̀lú bébà àti bírò. Èmi àti Ẹyin ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ.

"Ẹ dúró!" ni àbúrò mi ń pariwo. "Gbogbo yín, ẹ dúró lójú kan kí n kà yín!"

Ọmọ wo ló máa dúró? Bó bá ka ọmọ kan, ọmọ náà á sáré gba ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, àbúrò mi á tún kà á lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn kan rò pé eré tuntun ni, wọ́n ń sá fún un, wọ́n ń kígbe pé kò rí àwọn mú. Nígbà tó máa fi parí, mẹ́tàdínlógún wà lórí bébà tirẹ̀, mọ́kànlélọ́gbọ̀n wà lórí ti akọ̀wé, ewúrẹ́ fọ́kánáísà sì wà nínú mọ́kànlélọ́gbọ̀n yẹn.

Ó wọlé pẹ̀lú eruku lára sòkòtò. Inú ń bí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ní ètò rárá."

"Eré ni wọ́n ń ṣe."

"Eré tí kò ṣeé kà, ṣé eré nìyẹn? Ìranù ni."

Báyìí ló ṣe gbé ọgbọ́n ńlá jáde. Kí ìjọba baà lè mọ iye ọmọ tó ń ṣeré lórí ilẹ̀ yẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe ọgbà yí i ká, kí géètì kan ṣoṣo wà níbẹ̀, kí ọmọ máa gba géètì wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Ó sọ ọ́ fún mi tayọ̀tayọ̀. Mo ní, "Àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́?" Ó ní àwọn náà lè gba fọ́ọ̀mù.

Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wáyà fi yí ilẹ̀ gbalasa ká. Wọ́n ha koríko kúrò, wọ́n kó àwọn táyà dà sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù fọ́kánáísà, wọ́n ní ìdọ̀tí ni. Wọ́n gbé olùṣọ́ kan sí géètì. Fọ́ọ̀mù jáde, ojú ewé mẹ́rin. Bàbá á fọwọ́ sí i, ìyá á fọwọ́ sí i, dókítà á kọ̀wé pé ara ọmọ dá láti sáré. Ọmọ gbọ́dọ̀ wọ bàtà kánfáàsì funfun. Kò gbọ́dọ̀ mú táyà wọlé, tàbí okùn, tàbí igi, tàbí òkúta. Níparí, kó kọ irú eré tó fẹ́ ṣe sílẹ̀, àti iye ìṣẹ́jú tó máa fi ṣe é.

Fọ́kánáísà mú tirẹ̀ wá bá mi, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún epo, ó fi ìka méjì péré di etí bébà náà mú kó má baà dọ̀tí.

"Màmá Télọ̀, ẹ dákun ẹ bá mi wò ó. Wọ́n ní kí n kọ eré tí ọmọ mi fẹ́ ṣe. Mo bi í, ó ní òun ò lè mọ̀ àfi tóun bá débẹ̀."

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Wọ́n dá a padà. Wọ́n ní kò sí eré tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Àwọn ọmọ bá kó lọ sẹ́yìn ọgbà, sí àyè tó wà láàárín wáyà àti gọ́tà, tí kò fẹ̀ ju ibùsùn lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìyókù eré wọn. Ewúrẹ́ fọ́kánáísà gbẹ́ ihò kan sábẹ́ wáyà níbẹ̀, àwọn náà fẹ ihò ọ̀hún díẹ̀. Tí olùṣọ́ bá ń tòògbé, wọ́n á yọ́ wọlé. Tó bá jí, á lé wọn jáde kúrò níbi tí ìjọba ní kí wọ́n ti wá ṣeré.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n ṣí ibi ìṣeré tuntun náà. Alága ń bọ̀, àwọn oníròyìn ń bọ̀. Fọ́ọ̀mù tó padà sí ọ́fíìsì pẹ̀lú ohun gbogbo tí wọ́n béèrè jẹ́ ẹyọ kan. Àbúrò mi ló kọ ọ́ fúnra rẹ̀, orúkọ ọmọ rẹ̀ ló sì wà níbẹ̀.

Wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ti àbúrò mi yàtọ̀. Ìta ni wọ́n ti mú ọ̀ràn wá bá a nílé.

Ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí lókè kí n wá wọn Ẹyin fún aṣọ tó máa wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyàwó wa kì í ṣe èèyàn burúkú. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Eruku ńkọ́? Tó bá ṣubú ńkọ́?"

"Bàbá ẹ̀ ló yẹ kó o bi."

"Wọ́n ní kò ní tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n ní àwọn á kọ́ ọ kó tó débẹ̀."

Òótọ́ ni, wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ẹyin dúró láàárín pálọ̀, lórí kápẹ́ẹ̀tì, láàárín àga oní-náílọ̀nù àti kọ́bọ́ọ̀dù onídígí tí wọ́n kó àwo tẹ́nì kan kì í fi jẹun sí. Bàbá rẹ̀ dúró tì í pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ ọ̀tún àti aago lọ́wọ́ òsì. Ó ti kọ gbogbo eré náà sínú ìwé: kó sáré fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kó fò fún ìṣẹ́jú méjì, kó rẹ́rìn-ín fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú.

"Sáré!"

Ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹsẹ̀ sókè, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀ síbi tó ti gbé e.

"Gbé orúnkún sókè! Dáadáa! Má sún síwájú, wàá kọ lu kọ́bọ́ọ̀dù! Ojú kan, ojú kan, bẹ́ẹ̀ náà!"

Mo ń wọn ìbàdí rẹ̀ bó ṣe ń fò sókè fò sílẹ̀ nínú téèpù mi. Ó mí hẹlẹ, ó yíjú sí mi.

"Àǹtí Àgbà, ṣé bí àwọn Ológbò ṣe ń sáré nìyí?"

Mo wo àbúrò mi. Àbúrò mi wò mí. Ilé rẹ̀ ni mo wà.

"Bí wọ́n ṣe ń sáré náà nìyẹn," ni mo wí.

Ọmọ náà ṣì ń gbé orúnkún sókè. "Ṣùgbọ́n tiwọn máa ń dé ibì kan."

Mo ka iye téèpù fún ìyá rẹ̀. Ẹyin wá yí sí bàbá rẹ̀, ó ní, "Dádì, tí mo bá ṣe é dáadáa lọ́jọ́ yẹn, ṣé mo lè máa bá wọn ṣeré lójoojúmọ́?"

"A ó wò ó," ni bàbá rẹ̀ wí.

Kò sí ọmọ tí kò mọ ìtumọ̀ "a ó wò ó." Ṣùgbọ́n ọmọ náà gbà á mú bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ìgbà tó bá wà lẹ́yìn ẹ̀rọ mi ló ń sáré lójú kan. Ó fẹ́ ṣe é dáadáa.

Aṣọ funfun ni wọ́n ní kí n rán. Ẹ gbọ́ o, aṣọ eré, funfun, pẹ̀lú ìgbànú gígùn tí wọ́n máa so ní ẹ̀yìn bíi labalábá. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ náà. Nígbà tílẹ̀ ọjọ́ Sátidé tí wọ́n máa ṣí ibi ìṣeré náà mọ́, mi ò tíì fi ẹ̀rọ kan ìgbànú náà mọ́ aṣọ. Mo fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ gán an, òwú kan ṣoṣo, mo ní á mú un ró di ìrọ̀lẹ́.

Wọ́n ta kánọ́pì méjì sórí ilẹ̀ gbalasa náà, wọ́n gbé fáànù sábẹ́ rẹ̀. Alága sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n ṣí agboòrùn lé e lórí láti ẹnu géètì títí dé àga. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sọ̀rọ̀ fún odidi wákàtí kan lórí oore tí oòrùn ń ṣe fún ara ọmọ. Ó ní ọmọ ìwòyí kò jáde mọ́. Ó ní ẹ̀bi àwọn òbí ni. Àgbá òfìfo ló ń dún, ṣùgbọ́n èmi náà pàtẹ́wọ́, torí gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́.

Àwọn ọmọ tó ní kò jáde mọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, bí ogún, wọ́n fi ìka kọ́ wáyà láti apá gọ́tà, wọ́n ń wò.

Kò sí àyè fún télọ̀ lábẹ́ kánọ́pì. Mo gbé àga mi sí ìpẹ̀kun ọgbà, nínú oòrùn, nítòsí ihò ewúrẹ́, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú bí aṣọ ọmọ bá fẹ́ àtúnṣe. Akọ̀wé jókòó lẹ́nu géètì pẹ̀lú bébà tó máa fi ka àwọn ọmọ. Ẹyin wọlé. Akọ̀wé kọ ọ̀kan. Ó tún ń wo ọ̀nà fún ẹlòmíràn, ojú ń tì í.

"Ẹ̀yin èèyàn wa," ni àbúrò mi wí nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, "ọmọ wa fẹ́ ṣeré níta! Sáré, ìṣẹ́jú mẹ́ta!"

Ẹyin rìn dé àárín pápá ńlá yẹn, aṣọ funfun, kánfáàsì funfun, ìbọ̀sẹ̀ funfun. Níwájú rẹ̀, ilẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Ó mí kanlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lójú kan.

Ó ń gbé orúnkún sókè dáadáa, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Eruku ń sọ ní abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ níbì kan náà. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn wáyà kọ́kọ́ rò pé ó ń múra ni. Nígbà tí wọ́n rí i pé gbogbo eré náà nìyẹn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń na ìka sí i, òmíràn dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀rín. Lábẹ́ kánọ́pì, Alága ń mi orí.

"Ẹ wò ó bó ṣe wà létòlétò," ló wí. "Irú èyí la fẹ́."

Ológbò nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá wáyà mú.

"Ìwọ! Aláṣọ funfun! Sún síwájú!"

Ẹyin yí orí sí i, kò dá ẹsẹ̀ dúró.

"Gbé ẹsẹ̀ kan síwájú èkejì! Ṣé o ò mọ bí wọ́n ṣe ń sáré ni?"

"Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyí!" ni Ẹyin ké padà.

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi ju abẹ́rẹ́ lọ. Èmi ni mo sọ fún un pé bí wọ́n ṣe ń sáré náà nìyẹn.

"Ó ku ìṣẹ́jú kan," ni bàbá rẹ̀ ń wí lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Mo rí i tí ọmọ náà wo ilẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síbẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wò bóyá omi gbóná. Ilẹ̀ gbà á. Ó gbé èkejì. Lójijì ló bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, eré gidi, apá rẹ̀ ń fò kiri, torí wọn ò kọ́ ọ níbi tó yẹ kó fi apá sí. Ìṣísẹ̀ mẹ́fà, ó ṣubú gbì.

Gbogbo kánọ́pì dìde. Ìyá rẹ̀ ké. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Àbúrò mi bojú wẹ̀yìn, ó ń wo ojú Alága. Ẹyin dìde lórí orúnkún, ó yí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì padà, ó ń wo eèpẹ̀ pupa tó lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó wá gbójú sókè, ó wo Ológbò, ó sì gbéra.

Ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀ tààrà, síbi ihò ewúrẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi!" Ohùn àbúrò mi gba gbogbo àdúgbò kan nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mú un! Ẹ mú un!"

Mo mú un. Ọwọ́ mi ti mọ iṣẹ́ yẹn lára, kò dúró bi mí. Ó ti ki orí bọ ihò nígbà tí mo di ìgbànú rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn. Ó yíjú padà. Iyanrìn wà nínú irun rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà lórúnkún rẹ̀.

"Àǹtí Àgbà, ẹ jọ̀ọ́."

Ó wù mí kí n sọ fún yín pé mo fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu àwọn ará àdúgbò, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, wọ́n sì ń yìn mí. Mi ò fi í sílẹ̀. Mo fà á. Òwú ló já. Òwú kan ṣoṣo tí mo fi gán ìgbànú náà ló ṣe ohun tí èmi kò lè ṣe. Ọmọ lọ, ìgbànú kù sí mi lọ́wọ́.

"Wọlé!" ni àbúrò mi ń ké. Ó ti gbàgbé pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣì wà lẹ́nu òun. "Ìwọ ọmọ yìí, wọlé! Mo ní kó o wọlé kíá!"

Alága yí sí akọ̀wé. "Inú ibo ló ní kó wọ̀? Ṣebí ìta la ní kí wọ́n máa lọ?"

Akọ̀wé wo bébà rẹ̀.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù fọ́kánáísà ni Ẹyin àti àwọn ọmọ yòókù gbà lọ, níbi tí wọ́n kó àwọn táyà dà sí. Oòrùn kò tíì wọ̀ tí fọ́kánáísà fi mú un wálé fúnra rẹ̀, ó ń tọrọ àforíjì bí ẹni pé òun ló jẹ̀bi. Aṣọ funfun ti di pupa, ó ti ya láti abíyá dé etí ìsàlẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbé e mọ́ra, ó ń sunkún, ó ń nu orúnkún rẹ̀, ó ń bi í níbi tó ń dùn ún. Ẹyin kò tiẹ̀ gbọ́. Ó ń ṣàlàyé fún un bí èèyàn ṣe ń jókòó sínú táyà kí wọ́n tó yí i. Ìyàwó wa sunkún títí, nígbà tó yá mo gbọ́ tó ní, "Òòyì ò kọ́ ẹ?"

Àbúrò mi kọ ìròyìn rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ó fi hàn mí. "Iye ọmọ tó jáde síta: ọ̀kan." Kò purọ́. Ibi tó ti jáde ni kò kọ.

Lẹ́yìn náà, ó gbé aṣọ tó ya náà lé tábìlì mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá wa tún un rán. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ fi ẹ̀rọ kàn án dáadáa. Àti pé..." Ó tọ́ka sí ilẹ̀kùn. "Ẹ má gbàgbé ohun tí mo bẹ̀ yín."

Mi ò sọ pé kò sí wàhálà. Mo ní mo ti gbọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, aago mẹ́rin, Ẹyin sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìwé. Báńdéèjì wà lórúnkún rẹ̀. Ó jókòó, ó ṣí ìwé, ó kọjú sí i. Ní òdìkejì, àwọn ọmọ ń pariwo lẹ́yìn wáyà. Mò ń dúró kó bẹ̀ mí. Mo ti mọ ohun tí mo máa sọ tó bá bẹ̀ mí. Kò bẹ̀ mí. Kò tiẹ̀ wo ìta. Abẹ́ tábìlì nìkan ni mo ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rọra ń gbé e, ó rọra ń sọ ọ́ kalẹ̀ síbì kan náà. Ọkàn mi bàjẹ́.

Mo dìde. Irin ni ẹ̀rọ mi, ó wúwo jù mí lọ. Mo fi ìdí tì í, ó ń ha ilẹ̀, ariwo rẹ̀ gba àtẹ̀gùn gòkè. Mo tì í títí tó fi dé ìpẹ̀kun yàrá, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kì í dé.

Ẹyin dìde dúró. Ó wo ẹnu ọ̀nà tó ṣófo, ó wò mí.

"Àǹtí Àgbà, tí wọ́n bá lé yín jáde ńkọ́?"

"Èmi náà á wà níta nìyẹn."

Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò ó sábẹ́ tábìlì, ó lọ. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Mo jókòó sínú òkùnkùn lọ́hùn-ún, mo ń wá ojú abẹ́rẹ́.